Ọmú mi ti rọ̀, ṣé omi inú rẹ̀ ti ń tán ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Bàrígà ni mò ń gbé, báńkì kan ní Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àkọ́bí mi ọkùnrin pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lánàá. Kílò 3.1 ni ọjọ́ tí mo bí i. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó jẹ́ 3.15, lánàá, ó jẹ́ 3.9. Ọmú nìkan ni mò ń fún un. Ṣùgbọ́n láti bí ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn, bó bá ti di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹkún dé nìyẹn. Yóò mu ún, yóò tu ú sílẹ̀, yóò tún máa wá a kiri, títí di agogo mẹ́wàá. Ọmú mi tó máa ń le kankan tẹ́lẹ̀ ti rọ̀ báyìí. Mo ra pọ́ǹpù, mo fi fà á lẹ́yìn tí ọmọ mu tán, ohun tó jáde kò ju 30 mílílítà lọ, ojú ìyá ọkọ mi ló sì ṣe. Wọ́n ní omi ọmú mi kò tó, pé ó tún ń ṣàn bí omi ìṣanwọ́. Wọ́n ní kí n fún ọmọ lómi àti àgbo, kí n ra mílíìkì àgòlò fún ti alẹ́. Ọ̀sẹ̀ méje ló kù kí n padà síbi iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn:

Ìyá Ìkókó, o kú ewu o, o sì kú àìsùn. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ èyí kí o tó ka ìyókù: omi ọmú rẹ kò tán, kò sì dín. Ó ń tó ọmọ rẹ. Kì í ṣe pé mò ń tù ọ́ nínú lásán, ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ohun tí ìwọ fúnra rẹ kọ.

Wo òǹkà yẹn dáadáa. Láti 3.15 sí 3.9, gíráàmù 750 lọmọ fi kún ara láàárín ọjọ́ 21. Ìyẹn lé ní gíráàmù 35 lójúmọ́. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, tó bá ń fi gíráàmù 20 sí 30 kún un lójúmọ́, ọmọ náà ń ṣe dáadáa. Tìrẹ ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Látìgbà tí o sì ti bí i, nǹkan mìíràn kò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Ẹran tó wà ní itan rẹ̀ báyìí, tí aṣọ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kò fi gbà á mọ́, omi ọmú tí wọ́n ní kò tó yẹn ló di ẹran.

Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ kún ló ń kọ ọ́ lóminú, ìwọ̀n ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ló máa ń wálẹ̀ lẹ́yìn ìbí, nígbà mìíràn ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, ó yẹ kó ti padà sí iye tí wọ́n bí i. Ọmọ rẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

O kò kọ iye ìgbà tó ń tọ̀. Kà á láti àárọ̀ ọ̀la di àárọ̀ ọ̀túnla. Bí ìlédìí tó rin dáadáa bá tó mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìtọ̀ náà mọ́, tí kò pọ́n, ọmọ ń mu yó. Àwọn ìyá tó ń lo pámpà máa ń sọ fún mi pé àwọn kò mọ èyí tó rin dáadáa. Mú pámpà tuntun kan, da ṣíbí ńlá mẹ́ta omi sínú rẹ̀, gbé e lọ́wọ́. Bó ṣe wúwo lọ́wọ́ rẹ yẹn, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí èyí tó o bọ́ kúrò nídìí ọmọ wúwo. Ní ti ìgbẹ́, láti bí ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ìkẹfà lọ, kò ṣeé fi ṣe ìwọ̀n mọ́: ọmọ tó ń mu ọmú nìkan lè yà á lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, ó sì lè má yà á fún ọjọ́ mẹ́rin. Bó bá ṣáà ti rọ̀ nígbà tó dé, tí inú ọmọ kò wú, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki ọṣẹ bọ̀ ọ́ nídìí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọmú tó rọ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìyá ti ń ṣìnà, láìjẹ́ ẹ̀bi wọn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta àkọ́kọ́, kì í ṣe omi ọmú nìkan ló ń mú ọmú le. Ẹ̀jẹ̀ àti omi ara náà ya wọ inú rẹ̀, ó wú. Ara sì ń pèsè ju ohun tí ọmọ nílò lọ, nítorí kò tíì mọ̀ bóyá ọmọ kan lo bí ni tàbí ìbejì. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà, ó ti mọ iye tí ọmọ rẹ ń mu. Wíwú yẹn á lọ, ọmú á rọ̀, á dàbí èyí tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ nínú rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí nígbà tí ọmọ bá fẹnu kàn án gan-an ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń jáde lára rẹ.

Ọmú kì í ṣe dúrọ́ọ̀mù tí a pọn omi sí tó wá ń tán lọ. Ilé búrẹ́dì ni. Ìwọ tó ń gbé Bàrígà, o ti rí àwọn tó ń ru búrẹ́dì Agége káàárọ̀. Bí tíréè bá padà délé lófìfo, oníbúrẹ́dì mọ̀ pé ọjà tà, yóò po ìyẹ̀fun púpọ̀ sí i fún ọ̀la. Bí búrẹ́dì bá ṣẹ́kù padà, ìyẹ̀fun ọ̀la á dín. Bí ọmú ṣe ń ṣe nìyẹn gẹ́lẹ́. Nǹkan kan wà nínú omi ọmú tó ń sọ fún ọmú pé "ó tó, dẹwọ́." Bí omi bá pẹ́ nínú rẹ̀, nǹkan yìí á pọ̀, ọmú á dẹwọ́. Bí ọmọ bá fà á gbẹ, kò sẹ́ni tó ń dá a dúró mọ́, yóò máa pèsè lọ.

Nísinsìnyí, fi ojú inú wo mílíìkì àgòlò tí wọ́n ní kí o máa fún un lálẹ́. Agogo méje lù, o po ìgò kan fún un, ó mu, ó sùn fọnfọn. Ìwọ náà sùn, inú gbogbo ilé dùn. Ọmú tí ì bá mu láago méje, láago mẹ́jọ, láago mẹ́sàn-án, dúró sínú rẹ. Tíréè padà délé pẹ̀lú búrẹ́dì nínú. Lọ́jọ́ kẹta, ìkẹrin, ohun tí ọmú pèsè ti dín lóòótọ́, ìgò kan á di méjì, ìyá ọkọ rẹ á ní, "Ṣé mi ò sọ?" Kò ní mọ̀ pé ìgò àkọ́kọ́ ló fa èkejì. Ohun tó ṣe ọ̀pọ̀ ìyá nìyẹn, tí wọ́n fi ń sọ títí dòní pé ọmú àwọn kò tó.

Ó ṣe èmi náà. Mo ti jẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà tí mo bí àkọ́bí mi. Ilé ìwòsàn tí mo bí i sí, n kò ní dárúkọ rẹ̀, gbé ọmọ lọ sí yàrá ọ̀tọ̀ kí n lè "sinmi," wọ́n sì fi fídà fún un ní omi glúkóòsì lóru méjì. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ mi lọ́jọ́ kẹta, ọmú mi ti le bí òkúta, ọmọ kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ya ẹnu mu ún, rọ́bà ló mọ̀. Ó ń ké, èmi náà ń ké. Oṣù kẹta kò tíì pé tí ọmú fi gbẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbà pé ara mi ni kò dára. Ọdún 1991 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gbé ètò kan kalẹ̀ tó ní kí ilé ìwòsàn má ya ìyá àti ọmọ, kí ọmọ tètè fẹnu kan ọmú lẹ́yìn tí wọ́n bí i, kí wọ́n má fún un ní omi tàbí fídà láìnídìí. Ẹ̀kọ́ yẹn kò tíì dé ibi tí mo bímọ sí. Ó ṣì ń dùn mí, mo sì rò pé òun ló jẹ́ kí n máa dá irú lẹ́tà rẹ yìí lóhùn láìfi falẹ̀.

Ní ti pọ́ǹpù, 30 mílílítà lẹ́yìn tí ọmọ ti mu tán kò burú rárá. Àjẹkù ni, kì í ṣe gbogbo oúnjẹ. Ẹnu ọmọ sì mọ ọmú fà ju ẹ̀rọ èyíkéyìí lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, omi ọmú kì í ya wá fún ẹni tí àyà rẹ̀ ń já. Họ́mónù kan ló ń tì í jáde, ìbẹ̀rù àti ìtìjú sì máa ń dí i lọ́wọ́. Ìwọ jókòó, ìyá ọkọ rẹ ń wo ìgò náà bí ẹni ń wo mítà iná, báwo ni yóò ṣe ya? Pé ó ń ṣàn bí omi náà, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Èyí tó kọ́kọ́ jáde máa ń ṣàn, èyí tó kẹ́yìn á nípọn díẹ̀. Mílíìkì inú agolo tí a ń dà sí tíì kọ́ ni a fi ń díwọ̀n rẹ̀.

Ẹkún ìrọ̀lẹ́ yẹn ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹfà ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń sáré dàgbà lójijì, ìrọ̀lẹ́ sì ni wọ́n máa ń to ọmú mímu jọ: mu díẹ̀, sinmi díẹ̀, tún béèrè. Búrẹ́dì ọ̀la ni ọmọ rẹ ń bẹ̀ sílẹ̀ yẹn. Ẹkún ọmọ fúnra rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ohun tó ń ṣe é, máa ń ga jù lọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, yóò sì rọlẹ̀ nígbà tó bá fi pé oṣù mẹ́ta, mẹ́rin. Nítorí náà, jẹun kó tó di agogo márùn-ún, mu omi, tọ̀, kí o jókòó síbi tí ara ti tù ọ́. Fún un ní ọ̀kan, bó bá dẹ́kun gbígbé mì, fún un ní èkejì, tún padà sí ti àkọ́kọ́. Bọ́ aṣọ rẹ̀, kí ó ku ìlédìí nìkan, fi àyà rẹ̀ lé àyà rẹ. Kí bàbá rẹ̀ gbà á láàárín méjì, kó rìn kiri pẹ̀lú rẹ̀, kí ó gùfẹ̀. Bí inú bá fẹ́ bí ẹnikẹ́ni sí ẹkún náà, kó gbé ọmọ sórí ibùsùn kó jáde fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mi ìkókó jìgìjìgì, ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Lóru, má fo ọmú. Òru ni họ́mónù tó ń pèsè omi ọmú máa ń ga jù.

Ṣùgbọ́n kí n tó kúrò níbẹ̀, n kò tíì rí bí ọmọ ṣe ń mu ún, èyí sì ṣe pàtàkì ju gbogbo oúnjẹ tí wọ́n ní kí o jẹ lọ. Ṣe báyìí nígbà tó bá tún fẹ́ mu. Jókòó, fi ẹ̀yìn ti nǹkan. Yí gbogbo ara ọmọ sí ọ, ikùn rẹ̀ sí ikùn rẹ, kí ó má jẹ́ pé orí nìkan ló yí. Má ṣe ti orí rẹ̀ látẹ̀yìn. Di ọrùn àti èjìká rẹ̀ mú. Jẹ́ kí imú rẹ̀ kọjú sí orí ọmú, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Fi orí ọmú kan ètè rẹ̀ òkè, kí o dúró. Dúró o. Yóò gbé orí sókè, yóò ya ẹnu gbàgà bí ẹni ń yán. Ìgbà yẹn gan-an ni kí o fà á mọ́ra kíá, kí àgbọ̀n rẹ̀ kọ́kọ́ wọ inú ọmú. Bó bá gbà á dáadáa, ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ á yí síta, awọ dúdú tó yí orí ọmú ká á hàn lókè ẹnu rẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, kò sì ní dùn ọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Bó bá ń dùn ọ́, ki ìka kékeré bọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, yọ ọ́, bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Má ṣe fara dà á.

Wá wo àgbọ̀n rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò máa fà á kíákíá, tíntìntín. Lẹ́yìn náà ni yóò yí padà: ẹnu á ṣí, á dúró díẹ̀ ní ṣíṣí, á wá padé. Dídúró kékeré yẹn ni ẹnu rẹ̀ ń kún. Bí ilé bá pa rọ́rọ́, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò sí lórí iná, wàá gbọ́ ìró kékeré lọ́nà ọ̀fun rẹ̀: kà... kà... Bí o bá ti rí i, tí o sì ti gbọ́ ọ, kò tún sẹ́ni tó lè sọ fún ọ pé òfìfo ni ọmú rẹ.

Mo fẹ́ bá ìyá ọkọ rẹ sọ̀rọ̀. Jọ̀ọ́, kà á sí wọn létí.

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ìdí tí ẹ fi fi ilé yín sílẹ̀ wá sí Bàrígà nìyẹn, ojú ìfẹ́ lẹ fi ń wo ọmọ yìí. Ẹ̀yin náà tọ́mọ, wọ́n sì yè. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé omi ti wà nínú ọmú. Nínú ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún omi ọmú, nǹkan bí 87 jẹ́ omi lásán. Ooru Èkó nínú oṣù kẹta kò lè mú kí òùngbẹ gbẹ ọmọ tó ń mu ún bó ṣe fẹ́. Ikùn rẹ̀ kéré. Omi tí ẹ bá fi sínú rẹ̀ ti gba àyè oúnjẹ. Bí omi náà kò bá sì mọ́ tó, ìgbẹ́ gbuuru ló máa fà. Ìwádìí ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ló ń mu ọmú nìkan, omi lásán sì ni ohun tí wọ́n ń fún púpọ̀ nínú àwọn yòókù mọ́ ọmú.

Ní ti àgbo, mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa fi tọ́ wa. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀, kíndìnrín ìkókó kò sì tíì gbó. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni rírọ ọmọ: bí wọ́n bá tẹ́ ọmọ lẹ́sẹ̀, tí wọ́n dí imú rẹ̀, tí wọ́n ń da àgbo sí i lẹ́nu, ẹ̀dọ̀fóró ni omi náà lè gbà lọ. Mo ti gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá àgbà tó ń wárìrì. Oògùn òyìnbó tí a kò mọ ìdí rẹ̀ náà kò dáa jù ú lọ. Láàárín ọdún 2008 sí 2009, oògùn eyín olómi kan tí wọ́n fi kẹ́míkà olóró diethylene glycol ṣe pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà. Màmá, ẹ bá wa sè ẹ̀fọ́, ẹ sè ẹ̀wà, ẹ fi ẹja sí i, ẹ po ẹ̀kọ gbígbóná bí ìyàwó yín bá ń gbádùn rẹ̀. Ẹ̀kọ fúnra rẹ̀ kò ní sọ omi ọmú di púpọ̀, ọmọ ló ń sọ ọ́ di púpọ̀, ṣùgbọ́n ìyá tó jẹun yó á lè jókòó fún un. Ẹ má fún un ní ẹmu, ọtí inú rẹ̀ ń dé inú ọmú. Bí ọmọ bá mu tán láàárọ̀, ẹ gbà á, kí ìyá rẹ̀ sùn wákàtí méjì. Ẹ bá a lé àlejò.

Ìyá Ìkókó, mo padà sọ́dọ̀ rẹ. Àwọn ìyá kan wà tí ọmú wọn kò tó lóòótọ́. Wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ya lára rẹ̀ púpọ̀ nígbà ìbí, ẹni tí ibi ọmọ ṣẹ́kù sí nínú, ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọmú fún rí. Ọmọ wọn kì í kún, ìtọ̀ rẹ̀ a máa dín. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ nílò dókítà, ọmọ rẹ̀ sì lè nílò mílíìkì àgòlò mọ́ ọmú, kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Tìrẹ kò jọ ọ́.

Ohun tó yẹ kó mú ọ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà lóru, nìyí: bó bá kọ ọmú, bí ara rẹ̀ bá gbóná tó 38 lórí ìwọ̀n ooru, bó bá ń mí tó ìgbà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tí kò ké, bí gìrì bá mú un, bí àwùjẹ̀ rẹ̀ bá jìn wọlé tí ìtọ̀ sì dín, bó bá bì tí èébì náà jẹ́ àwọ̀ ewé, bí ojú, àtẹ́lẹwọ́ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ibà pọ́njú kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi oòrùn àárọ̀ tàbí glúkóòsì wò. Má sì jẹ́ kí káńfọ̀ wọ inú aṣọ ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan nílẹ̀ wa kì í gbà á, ó lè jẹ́ kí ibà náà dé ọpọlọ.

Iṣẹ́ wá kù. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní ìsinmi ìbímọ oṣù mẹ́fà láti ọdún 2014. Ó dùn mí pé báńkì rẹ kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 12 ni Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà sọ. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kan náà ní kí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́ fún ọmú. Ọ̀pọ̀ obìnrin kò mọ̀ ọ́n, ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í sì í sọ ọ́. Kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ rẹ nísinsìnyí, má dúró di ọjọ́ tí o padà: béèrè fún ààbọ̀ wákàtí méjì yẹn, béèrè fún yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́ (kì í ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀, oúnjẹ lo fẹ́ fún), kí o sì béèrè bóyá o lè so ìsinmi ọdọọdún rẹ mọ́ ọn.

Má tíì fọwọ́ kan pọ́ǹpù mọ́ báyìí. Láti ọ̀sẹ̀ kẹjọ, máa fún un jáde lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, láàárọ̀ lẹ́yìn tí ọmọ bá ti mu tán, nítorí àárọ̀ ni ọmú máa ń kún jù. Bí iná kò bá sí tàbí pọ́ǹpù kò bá ṣe tìrẹ, ọwọ́ tó. Fọ ọwọ́. Fi àtàǹpàkò sókè, ìka méjì sísàlẹ̀, kí wọ́n jìnnà díẹ̀ sí orí ọmú, lẹ́yìn awọ dúdú yẹn. Tẹ̀ ẹ́ padà sí àyà ná, kí o tó fún un pọ̀, kí o dẹ̀ ẹ́. Má ṣe fi ìka yọ̀ lórí awọ, yóò bó. Ìṣẹ́jú kan, méjì, ó lè máà jáde, lẹ́yìn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde fíntín-fíntín. Má fi ti ọjọ́ àkọ́kọ́ dá ara rẹ lẹ́jọ́.

Bí wọ́n bá kọ ọ́ sí ibikíbi pé omi ọmú lè wà lórí tábìlì fún wákàtí mẹ́rin, ilé tó tutù ni wọ́n ń sọ. Ní yàrá Bàrígà tí iná ti lọ, èmi kì í jẹ́ kó ju wákàtí méjì lọ. Nínú fíríìjì tó tutù dáadáa, ọjọ́ mẹ́rin. Nínú fírísà, oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n o mọ iná wa. Má kó ọ̀pọ̀ pamọ́ jù, èyí tó tó ọjọ́ mẹ́ta tó. Pín in sí 60 sí 100 mílílítà, fi bírò kọ ọjọ́ sí i lára, tì í sí ìsàlẹ̀ fírísà, jìnnà sí ilẹ̀kùn. Bí yìnyín bá ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà tí iná dé, kò bà jẹ́. Bó bá ti yọ́ tán ṣùgbọ́n tó ṣì tutù nínú fíríìjì, lò ó láàárín wákàtí 24, má dà á padà di yìnyín. Láti mú un lọ́wọ́ọ́rọ́, gbé ife náà sínú abọ́ omi gbígbóná. Kò gbọ́dọ̀ dé orí sítóòfù.

Bí o bá ń kúrò nílé láago márùn-ún ààbọ̀ kí Third Mainland tó dí, tí o sì ń wọlé láago méje alẹ́, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 14. Nǹkan bí 30 mílílítà ni ọmọ nílò fún wákàtí kan tí o kò sí nílé, nítorí náà bí 400 ni kó wà nílẹ̀, ife mẹ́rin. Mo ní ife, n kò ní fídà. Ọmọ kékeré mọ bí wọ́n ṣe ń mu nínú ife: gbé e jókòó tààrà, fi ẹnu ife kan ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀, kí o jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ lá a. Ife rọrùn láti fọ̀, kì í sì í jẹ́ kí ọmọ gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ya ẹnu mu ọmú. Ìyá ọkọ rẹ ni kó fún un, kí ìwọ wà ní yàrá kejì, kó má bàa gbóòórùn rẹ. Bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò ní bí ọ̀sẹ̀ kẹwàá.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, fún un lọ́mú kí o tó wọ bàtà. Níbi iṣẹ́, fún un jáde lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, fi sínú kúlà kékeré tó ní yìnyín. Bí o bá dé lálẹ́, má ṣe oúnjẹ, má gbá ilé. Jókòó, kí ọmọ mu. Lóru àti lópin ọ̀sẹ̀, kò sí ife, ọmú nìkan, kí tíréè lè máa padà lófìfo. Bí ọmú bá ṣàdédé pọ́n níbì kan, tí ó gbóná, tí ibà ń ṣe ọ́, má dá ọmọ dúró láti mu ún, kí o lọ rí dókítà lọ́jọ́ kan náà.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ kẹfà. Gbé e lọ síbi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n lánàá, kó jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí o sọ fún nọ́ọ̀sì kó bọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀ títí kan pámpà. Fi ọmú sí i lẹ́nu kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, má yọ ọ́ títí wọn yóò fi gún un tán. Ẹkún rẹ̀ kò ní pọ̀. Lẹ́yìn náà, kọ òǹkà náà ránṣẹ́ sí mi.